Ohun Tí Wọn Kò Fẹ́ Sọ fún Màámi ní Kétu

Bí mo bá sọ pé mo ti gbé ìlú òkèèrè rí, àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé ìlú wo. Bí mo bá ní Ayétòrò ni, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kétu ni wọ́n bí mi sí, lápá Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn ará Nàìjíríà kàn ń pè ní Kútọnu láìbìkítà ìlú tí ènìyàn ti wá gan-an. Ẹni tó bá jáde ní Kétu láàárọ̀, tó gba Ìlárá kọjá sí Ìmẹ̀kọ, yóò ti jókòó sí Ayétòrò kí oòrùn tó mú. Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, Yorùbá ni à ń sọ nílé. Síbẹ̀, òkèèrè ni. Mo ti rò ó títí, mo sì rí i pé kì í ṣe ọ̀nà jíjìn ló ń sọ ibì kan di òkèèrè. Ibi tí ènìyàn bá ti ń ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó la ẹnu ni òkèèrè.

Mo gba oyè nínú ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ní yunifásítì wa, mo sì jókòó sílé títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí láti jẹun níwájú Màámi. Kò bú mi rí. Bóyá tó bá ti bú mi ni, ìbá sàn fún mi. Á kàn bu oúnjẹ fún mi, á padà sídìí iná níbi tó ti ń dín kúlíkúlí tó fi tọ́ wa dàgbà. Nígbà tí mo gbọ́ pé iléèwé aládàáni kan ní Ayétòrò ń wá tíṣà tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé, mo lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tó bá mi lójijì ni pé, ní Kétu, Yorùbá ni mí, Faransé kò ju èdè iléèwé lọ. Ní Ayétòrò, mo di Faransé fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Mùsíọ̀, bí Faransé ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni, kò sì pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi gbà á mọ́ wọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì, mo kí wọn ní Yorùbá Kétu, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ṣùgbọ́n mo padà sí yàrá mi, mo ń tún gbólóhùn tí mo sọ sọ fún ara mi, mo ń wá ibi tó ti wọ́. Láàárín oṣù mélòó kan, mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Nígbà tí mo wá lọ sílé, Màámi tẹ́tí sí mi fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ta ló tan rédíò?” Mo bá àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Mo ń bi ara mi pé, bí n kò bá dún bí ọmọ Kétu mọ́ ní Kétu, tí n kò sì dún bí ọmọ Ayétòrò ní Ayétòrò, ohùn ta wá ni mò ń lò?

Mo ń gbé lẹ́yìnkùlé ilé Bàbá. Bàbá ni gbogbo ènìyàn ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìntì, ó sì máa ń ka Bíbélì nínú ìsìn ọjọ́ Àìkú. Yàrá mi dá dúró, ó ní balùwẹ̀ tirẹ̀, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí Màmá onílé ti ń yan gàrí. Bàbá kì í sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láìkọ́kọ́ kí ènìyàn délẹ̀. Á kí ọ, á kí iṣẹ́ rẹ, á kí àwọn ará ilé rẹ tí kò rí rí, á kí òjò tàbí oòrùn, kó tó sọ pé táǹkì omi ti gbẹ. Mo ti rí i tí owó inú fóònù rẹ̀ tán nígbà tó ṣì ń kí ẹni tó pè. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ tí a kò fi ìkíni ṣíwájú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìhòòhò.

Fóònù ni mo fi ń gbélé. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń pe Màámi. Òun máa ń mú fóònù jìnnà sí etí, á sì máa pariwo bí ẹni tó gbà pé ohùn òun ló ń rin ọ̀nà Ìmẹ̀kọ wá. Àjọkẹ́, àbúrò mi obìnrin, máa ń ti ẹ̀gbẹ́ kan sọ pé kí n má gbàgbé òun. Bí ìpè bá parí, ilé á dákẹ́. Mo máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè dìde, nítorí pé bí mo bá tètè dìde, ó máa ń dà bí ẹni pé mo ti gbàgbé wọn.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bí a ṣe ń sọ ìròyìn burúkú nílé wa, nítorí òun ló bí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Yunifásítì ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí a ń pè ní Bàbá Àgbà, ló pè mí. Ó kí mi, ó béèrè ìwé mi, ó ní ṣé mo ti jẹun, ó wá ní ṣé àgbà kankan wà nítòsí. Mo fún bàbá kan tó ń ta ìwé lẹ́nu ọ̀nà wa ní fóònù náà. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, bàbá náà dá a padà fún mi láìwò mí lójú. Ó ní, “Kò sí nǹkan kan. Wọ́n kàn fẹ́ rí ọ nílé ni.” Mo dé ilé, mo bá àga tí wọ́n tò síta. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ fún Màámi tó wà lọ́jà lọ́jọ́ náà: wọ́n ní kò sí nǹkan kan, kó máa bọ̀ nílé. Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru, dókítà sì ti kìlọ̀ fún wa pé ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ já a láyà. Èmi nìkan sì ni ọmọkùnrin tó ní.

Nígbà tí ìjọba ti bodè, wọ́n ní nítorí ìrẹsì ni àti àwọn ẹrù tí wọ́n ń kó wọlé láìtọ́. Mo rò pé ẹrù nìkan ló kàn. N kò mọ̀ pé èmi náà lè di ẹrù. Ní gbogbo ibi tí sójà àti kọ́sítọ́ọ̀mù dúró sí lójú ọ̀nà Ìmẹ̀kọ, wọ́n á wò mí, wọ́n á gbọ́ ohùn mi, wọ́n á ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo dẹ́kun lílọ sílé. Ayétòrò tó ti wà nítòsí Kétu láti ọjọ́ tí a ti dá àwọn méjèèjì sílẹ̀ wá jìnnà bí Améríkà.

Lẹ́yìn náà ni àrùn kòrónà dé. Iléèwé ti ilẹ̀kùn, n kò sì níṣẹ́ mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀rù tó ń bà mí nígbà náà. Mo ń jí láàárọ̀, mo ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé, mo ń jókòó. Ìgbà tí ìjọba ìbílẹ̀ wá kéde pé àwọn ń wá ẹni tó gbọ́ Faransé àti Ègùn, tí yóò bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ sí àwọn abúlé ẹ̀bá bodè, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré débẹ̀, nítorí mo gbọ́ méjèèjì. Nọ́ọ̀sì Bọ́lá ni olórí wa, obìnrin kan tí kì í rẹ̀, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń jáde láti inú ìbòmú. A máa ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ẹnu ẹ̀rọ, ọṣẹ àti gbohùngbohùn sínú ọkọ̀, a ó sì kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń fọ ọwọ́, bí a ṣe ń bo imú àti ẹnu, àti bí a ṣe ń jìnnà síra.

Jíjìnnà síra ló nira jù. Àwọn àgbà ní abúlé kan lẹ́yìn Ìmẹ̀kọ ní àwọn kò lè gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, pé ọmọ tí kò bá sún mọ́ àgbà kò kí i. Mo bọ́ síwájú. Mo ní bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ ni ìjọba kọ̀, ìyẹn kò sì fìgbà kan jẹ́ tiwa. Mo dúró sọ́ọ̀ọ́kán, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, mo kí wọn láti ibẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀yin àgbà, ṣé mo kí yín àbí n kò kí yín?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo kí àwọn. Láti ọjọ́ náà, gbogbo abúlé tí a bá dé ni Nọ́ọ̀sì Bọ́lá ti ń ní kí n dọ̀bálẹ̀. Mo ń lọ sílé pẹ̀lú eruku láyà ṣẹ́ẹ̀tì, inú mi sì ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Àyẹ̀wò ni wọ́n ń sá fún. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní òwú lórí ni wọ́n ń tì bọ ihò imú. Bàbá àgbẹ̀ kan béèrè bóyá kò ní kan ọpọlọ. Nọ́ọ̀sì Bọ́lá ní, “Bàbá, ọpọlọ tiyín ga ju ibẹ̀ lọ.” Bàbá náà rò ó wò, ó sì gbé orí sókè fún un. Èyí tó le jù nínú iṣẹ́ náà ni sísọ èsì. Nọ́ọ̀sì Bọ́lá máa ń tẹnu mọ́ ọn fún wa pé bí wọ́n bá rí àrùn náà, kí a sọ fún ẹni tó ni ín pé wọ́n rí i, kí a má fi ọ̀rọ̀ yí i ká, nítorí ìgbà tí a bá ń yí i ká ni ẹni náà á ti gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ.

Nígbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí ládùúgbò. Bọ̀dá Mùfú tó ń lẹ táyà níwájú ilé wa kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú. Ó ní, “Mùsíọ̀, ìrẹsì là ń retí lọ́dọ̀ yín o. Ẹ má lọ gbé ikọ́ wá.” Àwọn oníbàárà rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wọlé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí àyà ara mi.

Gàrí ló tú mi fó. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí Màmá onílé nídìí agbada láti ojú fèrèsé, èéfín ń lọ sókè, n kò sì gbóòórùn nǹkan kan. Mo fa èémí títí imú mi fi dùn mí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ibà ti dé, ikọ́ ti dé, ohùn mi sì ti lọ. Ohun tó kù lọ́fun mi dà bí ìgbà tí wọ́n ń fa pákó lórí sìmẹ́ńtì. Mo kan fèrèsé fún Bàbá láti inú, mo ní kó má sún mọ́ mi. Nọ́ọ̀sì Bọ́lá wá, ó ti igi òwú bọ̀ mí nímú, omi dà lójú mi. Wọ́n yẹ Bàbá àti Màmá náà wò. A bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de èsì.

Ìpè rẹ̀ dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an. Obìnrin yìí, tó ń kọ́ wa pé kí a máa sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ yí i ká, kí mi. Ó ní ṣé mo sùn dáadáa. Ó ní ṣé mo ti jẹun. Ó wá ní, “Bàbá ńkọ́? Fún Bàbá ní fóònù.”

Mo ti mọ̀ nígbà yẹn. Ohun tó bà mí lẹ́rù kì í ṣe àrùn náà nìkan. N kò ní àgbà kankan ní apá ìhín bodè. Ẹni tó ni ilé tí mò ń gbé ni Bàbá, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti lé mi. Mo nu fóònù náà, mo gbé e sẹ́nu fèrèsé, mo sún sẹ́yìn dé ògiri. Bàbá gbé e. Ó kí Nọ́ọ̀sì títí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó sọ pé, “Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni àgbà rẹ̀ níbí.” Kò sọ nǹkan mìíràn ju “hẹn” lọ títí ìpè fi parí.

“Bàbá, ṣé wọ́n rí i?”

“Ṣé o ti jẹun?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mo ní ṣé o ti jẹun.”

Màmá gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ sẹ́nu fèrèsé. Mo jẹ ẹ́ láìmọ adùn rẹ̀. Bàbá jókòó sórí àpótí ní òdìkejì àgbàlá, ó ń wò mí títí mo fi fọ ọwọ́. Ó ní, “Wọ́n rí i. Wọn kò rí i lára wa. Wàá jókòó sínú yàrá yẹn, a ó máa gbé oúnjẹ fún ọ. Ó parí.” Mo fẹ́ dúpẹ́, ikọ́ kò jẹ́. Mo sunkún díẹ̀, mo sì dojú kọ ògiri kí wọ́n má bàa rí mi.

Bọ̀dá Mùfú wá bá Bàbá láti sọ pé kó dá mi padà síbi tí mo ti wá. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá ní bodè ti tì, ṣé inú igbó ni kí òun dá mi sí? Ó wá bi í pé, “Mùfú, ọmọ ìlú ibo nìwọ?”

“Ṣakí ni, Bàbá.”

“Ta ló fún ọ ní iwájú ilé tí o ń lẹ táyà sí?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Ó dáa. Máa lẹ táyà rẹ.”

Láti ọjọ́ kejì, láràárọ̀ ni Bọ̀dá Mùfú ń pariwo láti ojú títì, “Mùsíọ̀, ikọ́ ńkọ́?” Bí mo bá húkọ́, á ní ó ti dáa. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀nà tirẹ̀ ló ń gbà wò mí bóyá mo ṣì wà láàyè.

Ọ̀rọ̀ Màámi ló kù. Ọjọ́ Àìkú ń bọ̀, á retí ìpè mi. Mo ní kí n pè é. Bàbá dúró lẹ́yìn fèrèsé, ó ní, “Ohùn yìí lo fẹ́ fi bá ìyá ẹlẹ́jẹ̀ ríru sọ̀rọ̀? O fẹ́ pa á ni? Irú ọ̀rọ̀ báyìí, àgbà ló ń bá àgbà sọ ọ́. Ká kọ́kọ́ fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Bí ara rẹ bá yá tán, a ó wá ròyìn.” Ó gba nọ́ńbà ilé wa. Mo gbọ́ ọ láti inú yàrá. Àjọkẹ́ ló gbé fóònù, Bàbá sì béèrè bóyá àgbà kan wà nílé. Wọ́n gbé e fún Bàbá Àgbà. Bàbá kí i, ó kí àwọn ìyàwó ilé, ó kí àwọn ọmọ, ó kí òjò Kétu. Nígbà tí Bàbá Àgbà béèrè mi, ó ní, “Kò sí nǹkan kan. Kò sí nǹkan kan rárá. A kàn ní ká kí yín ni.”

Ó padà wá sẹ́nu fèrèsé, inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun ti bá wọn sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ọkàn wọn ti balẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ gbólóhùn náà rí, lẹ́nu ẹni tó ń ta ìwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù mi dún. Àjọkẹ́ ni, lórí ìpè tí a fi ń rí ojú ẹni. Nígbà tó rí mi, ó ju fóònù sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ìgbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní Bàbá Àgbà jíṣẹ́ tí wọ́n rán an fún Màámi, bí wọ́n ṣe rán an gan-an: pé bàbá kan pè láti Ayétòrò, ó béèrè àgbà, ó ní kò sí nǹkan kan. Màámi gbé agbada kúrò lórí iná. Ó tú gèlè rẹ̀. Àwọn obìnrin agbolé wá jókòó tì í, kò sì sẹ́ni tó ní kó má sunkún, nítorí gbogbo wọn ló mọ ohun tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ ń túmọ̀ sí. Kí ilé tó jí, ó ti gun ọ̀kadà lọ sí Ìlárá. Ó ní òun ń lọ gbé òkú ọmọ òun.

Mo pe fóònù Màámi. Ó gbé e. Mo ní, “Màámi, èmi ni.”

“Ìwọ ta ni?”

“Ọmọ yín ni.”

“Ọmọ mi kì í dún báyìí,” ó wí, ó sì gé e.

Mo ké pe Bàbá. Òun náà pè é, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni. Ó ní, “Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ yín wà dáadáa, kò sí nǹkan kan.” Èmi tí mo wà nínú yàrá gbọ́ igbe Màámi láti inú fóònù tó wà létí ẹlòmíràn. A ní kí Nọ́ọ̀sì Bọ́lá bá a sọ̀rọ̀, bóyá á gba òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́. Nọ́ọ̀sì pè wá padà, ohùn rẹ̀ ti yí. Ó ní nígbà tí òun sọ fún un pé mo wà dáadáa, Màámi dúpẹ́ lọ́wọ́ òun fún ìtọ́jú tí wọ́n fún mi, ó sì béèrè ibi tí wọ́n tẹ́ mi sí. Ó ní àwọn sójà ti dá a padà ní Ìlárá, ọlọ́kadà kan sì ti gbà láti gbé e gba inú igbó. Ọ̀nà yẹn ni àwọn tó ń ṣe fàyàwọ́ ìrẹsì ń gbà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé àwọn sójà ń yìnbọn níbẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ń ro bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe máa ru lẹ́yìn ọ̀kadà yẹn. Gbogbo wa ló ń sọ òtítọ́ fún un pé mi ò kú, kò sì sí ìkankan nínú ohun tí à ń sọ tí kò dún bí ohun tí wọ́n ń sọ nílé òkú. Ìgbà náà ni ó wá sí mi lọ́kàn. Bí ẹni bá ń fi òkú pamọ́, ohun rere nìkan ló ń sọ.

Mo tún un pè. Mo ní, “Màámi, ẹ má gé e. Mo ní kòrónà. Wọ́n ti igi bọ̀ mí nímú, èsì dé, wọ́n rí i. Ibà ń ṣe mí. N kò gbóòórùn nǹkan kan. Ikọ́ ló ba ohùn mi jẹ́. Nọ́ọ̀sì ní bí èémí mi bá ṣòro, wọ́n á gbé mi lọ sí ọsibítù. Wọ́n purọ́ fún yín. Ara mi kò yá, Màámi. Nǹkan wà.”

Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà. Lẹ́yìn náà, ó ní, “Tún un sọ.”

Mo tún un sọ. Ikọ́ gbé mi láàárín rẹ̀, n kò sì gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo jẹ́ kó gbọ́ ọ délẹ̀.

“Ṣé èyí tí wọ́n ń sọ ní rédíò yẹn?”

“Òun ni.”

“Wọ́n rí i lára rẹ gan-an?”

“Wọ́n rí i, Màámi.”

Ó mí kanlẹ̀. Mo wá gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe kọjú sí àwọn tó yí i ká, ohùn tó fi máa ń pe oníbàárà: “Ẹ bá mi dúpẹ́. Ọmọ mi ní kòrónà!” Mo gbọ́ bàtà, mo gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà ṣe ké tó sì ń jìnnà lọ. Wọ́n ti sá fún un. Ọlọ́kadà tó fẹ́ gbé e gba inú igbó ló kọ́kọ́ sá. Màámi kò kà wọ́n sí. Ó jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Ìlárá, ó bú mi fún ìgbà pípẹ́, ó bú Bàbá, ó bú Bàbá Àgbà, ó ní ṣé ẹ̀kọ ni mò ń mu àbí gàrí, ó ní kí n má fi omi tútù wẹ̀. N kò tíì gbọ́ èébú tó dùn bẹ́ẹ̀ rí.

Ara mi yá. Òórùn gàrí ló kọ́kọ́ padà, ó sì ti ń jóná nígbà tí mo gbóòórùn rẹ̀. Màmá onílé ní bí n kò bá pariwo ni, gbogbo agbada ìbá ti lọ. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Bọ́lá. Nígbà tí èmi náà bá ń sọ èsì fún ènìyàn, mo máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́, kí n tó bi í bóyá ó ti jẹun.

Mo ṣì máa ń ronú nípa ibi tí mo ti wá àti ibi tí mo wà, n kò sì rò pé mo ti rí ìdáhùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n béèrè àgbà mi, ẹnì kan dáhùn. Mo máa ń rántí ìyẹn bí wọ́n bá pè mí ní Mùsíọ̀.

Bodè ṣì wà ní títì fún ìgbà pípẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí mo bá ti bá Màámi sọ̀rọ̀ tán, Bàbá á na ọwọ́ gba fóònù láti kí i. Bàbá tí kì í sọ ọ̀rọ̀ láìkí ènìyàn, tó ń kí òjò, tó ń kí oòrùn, á gbé fóònù sétí, á gún ẹ̀yìn rẹ̀, á sì sọ ọ́ kí Màámi tó la ẹnu:

“Ìyá, ọmọ yín kò kú o. Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi.”